Odó Ìyá Jethro

Ní àdúgbò tí Morónkẹ́ ń gbé ní Kàbà, èèyàn kì í yọjú sílé aládùúgbò rẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀. Odó ló ń sọ ọ́. Bí odó bá dún pẹ́ nírọ̀lẹ́, àlejò ti dé. Bí ọmọ odó méjì bá ń dá ara wọn lóhùn, ilé kún. Ilé tí odó rẹ̀ bá dákẹ́, ó ku àgbà nìkan níbẹ̀, ẹni tó máa rọ ẹ̀bà díẹ̀ jẹ kó tó sùn.

Tíṣà ni Morónkẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, Ìyá Jethro sì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọmọ mẹ́ta ló bí fún Isaiah ọkọ rẹ̀: Jethro, Testimony àti Ọpẹ́dayọ̀. Nígbà tí wọ́n wà nílé, ìrọ̀lẹ́ kan kì í lọ lásán láìgúnyán. Ọpẹ́dayọ̀ tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ò tiẹ̀ ka nǹkan mìíràn sí oúnjẹ yàtọ̀ sí iyán. Bó bá jẹ ìrẹsì yó tán, á tún béèrè pé kí ni àwọn máa jẹ. Nígbà tó yá, Jethro gba Èkó lọ, Testimony lọ sílé ọkọ ní Ìsánlú, Ọpẹ́dayọ̀ sì ríṣẹ́ sí Àbújá. Ọjọ́ ìdúpẹ́ iṣẹ́ yẹn, Morónkẹ́ jó dé iwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni Isaiah kú.

Morónkẹ́ dojú odó délẹ̀ lẹ́yìn kíṣìnnì, adìẹ sì sọ ọ́ di ibùsùn. Kò sunkún tó bí àwọn èèyàn ṣe retí. Ara rẹ̀ kàn kú ni, ó sì ń bá a gbé bẹ́ẹ̀. Àfi bí Jethro bá wá ṣe Kérésìmesì ni odó máa ń dìde.

Ìrọ̀lẹ́ kan tí òjò ṣú ni Ọpẹ́dayọ̀ dé, ó gbé àpótí kan àti fóòmù tí wọ́n ká, tí wọ́n fi okùn so.

"Ẹ kú ilé, Màmá."

"Káàbọ̀. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ilé iṣẹ́ wa ti kógbá sílé. Mo ní kí n wá sinmi díẹ̀."

Ilé làbọ̀ sinmi oko, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá sinmi kì í gbé fóòmù dání. Morónkẹ́ gba fóòmù náà, ó gbé e wọ yàrá tó ń kó iṣu sí, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu, ó sì fa kọ́tìnnì bo fèrèsé.

Àìníṣẹ́ kọ́ ló bà á lẹ́rù. Ẹnu ayé ni. Ó rò ó pé bí àwọn èèyàn bá gbọ́, ìtìjú ò ní jẹ́ kí ọmọ náà lè gba títì kọjá mọ́. Ó pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ títí yóò fi ríṣẹ́ mìíràn, kó lè jáde bí ẹni tó ń lọ, kó má jẹ́ bí ẹni tó padà. Bí Ọpẹ́dayọ̀ bá fẹ́ jókòó síta, Morónkẹ́ á ní ẹ̀fọn pọ̀. Ní ti odó, kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà òun àti Ìyá Gift, ta ni kò sì mọ̀ pé opó kì í dá gúnyán? Ilé Ìyá Gift náà ti dákẹ́ láti ìgbà tí Gift ti lọ sí Ìlọrin; bí odó ẹnì kan bá dún, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́.

Kò ṣàlàyé fún ọmọ. Ẹni tí à ń bò láṣìírí, ṣé a tún ń sọ fún un pé à ń bò ó ni? Bí Morónkẹ́ ṣe rò ó nìyẹn, àwọn tíṣà sì máa ń rò pé àwọn mọ èrò ọmọ.

Ó ń se sẹ̀mó. Ó ń rọ ẹ̀bà. Ọpẹ́dayọ̀ ń jẹ ẹ́.

"Màmá, ẹ kì í gúnyán mọ́ ni?"

"Apá ń dùn mí."

"Mo lè gún un."

"Fi sílẹ̀."

"Ní Kérésìmesì, ẹ gún un fún Bùọ̀dá Jethro."

"Apá ò tíì máa dùn mí nígbà yẹn."

Ọmọ náà jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán, ó fọ abọ́, ó wọlé lọ dùbúlẹ̀, ó kọjú sí iṣu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó tún ká fóòmù náà. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ Testimony ní Ìsánlú. Inú Morónkẹ́ ò dùn, kò sì bàjẹ́. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé ilẹ̀ ti mọ́ jù, àwọn èèyàn ti ń gbálẹ̀ níta.

"Ó dáa," ló wí. "Gba ẹ̀yìn."

Ọpẹ́dayọ̀ wò ó. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sí èjìká, ó gba ẹ̀yìn.

Testimony pè lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

"Màmá, kí ni Ọpẹ́ fi ṣẹ̀ yín?"

"Kò ṣẹ̀ mí."

"Ó ní yàrá iṣu lẹ fi òun sí, ẹ ò sì gúnyán fún òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní ẹ ní kí òun gba ẹ̀yìn jáde. Ó ní bí ẹ ò bá fẹ́ òun nílé, ẹ̀ bá ti sọ."

"Àṣírí rẹ̀ ni mo ń bò."

"Ṣé ẹ sọ fún un?"

Morónkẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Ó yẹ kó sunkún, ó sì dúró de ẹkún náà, ṣùgbọ́n kò wá. Nírọ̀lẹ́, ó lé adìẹ, ó yí odó, ó fọ̀ ọ́, ó se iṣu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Kò mọ ẹni tó ń gún un fún. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe é.

Orí Ìyá Gift yọ lókè ògiri, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kàbà.

"Ìyá Jethro, okun o. Ẹ wá ń gúnyán fún Ọpẹ́dayọ̀ lónìí. Ó mà tó àkókò o."

Ọmọ odó dúró. "Ẹ mọ̀ pé ó wà ńlé?"

"Ọjọ́ tó dé la ti rí i. A ò kàn fẹ́ dójú tì yín ni." Ìyá Gift wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gift náà wà nínú yàrá. Ó ti pẹ́ tó ti ti Ìlọrin dé. Sẹ̀mó ni mò ń fún un. Mo ní kí odó tiyín kọ́kọ́ dún ná."

Ìyá Gift na ọrùn wo ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Ọpẹ́dayọ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ó jáde wá jẹun."

"Ó ti lọ."

Morónkẹ́ kó iyán náà, ó pín in sí abọ́ méjì, ó sì na ọ̀kan kọjá lórí ògiri. "Ẹ fún Gift. Ẹ jẹ́ ó jókòó síta jẹ ẹ́."

Àgbà ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ti Morónkẹ́ ò jó ẹnikẹ́ni. Ó gbé abọ́ kejì kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀, ó pe fóònù Ọpẹ́dayọ̀, ó dún títí, kò gbé e. Ní òdì kejì ògiri, ó ń gbọ́ tí Gift ń béèrè bóyá ó ṣẹ́ kù. Ó tún nọ́ńbà náà pè.