Igi tí Bàbá Mi Fi Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Gbé Wá láti Pányà

Bí ẹ bá dé Àkàkà tí ẹ ń wá ilé mi, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà ní ilé onígi tí kò lórúkọ. Ọlọ́kadà yóò gbé yín dé ẹnu ọ̀nà, yóò sì fi irọ́ tirẹ̀ lé èyí tí mo ti pa fún un nípa igi náà.

Bàbá mi ló gbé e wá. Nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ọ́, ó bá wọn lọ sí Pányà, erékùṣù kan láàárín òkun, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń kó àwọn ènìyàn wa lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, àwọn kan mú ẹ̀rọ ìránṣọ bọ̀, àwọn kan mú ikọ́ bọ̀. Bàbá tèmi mú kóró èso kan bọ̀. Ó ní wọn kì í jẹ́ kí lébìrà mú nǹkan ọ̀gbìn kúrò níbẹ̀, nítorí náà ó fi kóró náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì yadi láti Pányà títí dé Èkó. Òyìnbó inú ọkọ̀ bi í ní ìbéèrè, ó ń mi orí. Ìyá àgbà kan ṣàánú rẹ̀, ó ń gbàdúrà kí ahọ́n rẹ̀ tú. Nígbà tí wọn yóò fi rí ilẹ̀, kóró náà ti hù, ewé méjì ti yọ láàárín eyín rẹ̀. Èmi kò sí níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ẹnu kan náà tó gbé kóró.

Ó gbìn ín sẹ́yìnkùlé. Igi náà dàgbà, ó ga ju òrùlé lọ, ewé rẹ̀ nípọn bí awọ bàtà, èèpo rẹ̀ pupa bí ojú ọ̀mùtí. Gbogbo ohun tí igi ń ṣe ló ń ṣe, àfi ìyẹn tí a torí rẹ̀ gbìn ín. Kò so. Kò tilẹ̀ tanná rí. Bàbá mi dúró dè é títí ó fi kú.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan ti yunifásítì wá wò ó. Ó fọwọ́ pa èèpo rẹ̀ bí ẹni ń pa ọmọ lórí, ó ní irú igi yìí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní erékùṣù yẹn, àti pé níbẹ̀ gan-an, wọ́n ti gé wọn ku díẹ̀. Ó ní bí ó bá so, kí n pe òun kíá, nítorí bí ó bá kú láìso, ó parí nìyẹn. Mo sọ fún un pé igi náà so lọ́dún tí wọ́n bí mi, àti pé àwọn tó jẹ èso rẹ̀ kò tíì kú dòní. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàwó mi ní kí ó pa á rẹ́.

Ìyàwó mi ń ṣòwò obì gbànja. Ìpara ni wọ́n ti ń gbé e wá fún un. Yóò bó o, yóò fọ̀ ọ́, yóò fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀, kí ó tó gbé e lọ bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Sábó Ṣàgámù. Ọ̀rinrin tó bá pọ̀ jù a máa ba obì jẹ́, igi bàbá mi sì ṣíji bo ẹ̀yìnkùlé débi pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ. Nígbà òjò èṣí, obì rẹ̀ bu, ó funfun bí irùngbọ̀n mi. Ó ní àfi kí a gé igi náà, kí òun kọ́ ilé obì sójú rẹ̀.

“Ẹ wò ó dáadáa,” ó ní. “Ó ń jẹ, kò ṣiṣẹ́. Ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ti tó mi nínú ilé.”

Èmi ló ń bá wí.

Ó ti bá agégi kan ní Likosi sọ̀rọ̀ pé kí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní, “Ìyá wọn, a kì í gé igi tí a kò tíì halẹ̀ mọ́.”

Àṣà wa nìyẹn. Lágboolé wa, bí igi obì bá yàgàn, ènìyàn méjì ló ń lọ bá a láàárọ̀. Ọ̀kan yóò yọ àdá, yóò bú u, yóò ní òun fẹ́ gé e. Èkejì yóò di ọwọ́ aládàá mú, yóò ní, ẹ dákun, ẹ fi í lẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, mo dúró fún un. Bí wọ́n bá ti bẹ̀bẹ̀ fún un, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gé e mọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó bẹ̀bẹ̀, àdá kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ lásán, àfi kó gé e.

“Ta ni yóò bẹ̀bẹ̀ fún un?” ó bi mí.

“Ìwọ kọ́? Ìyàwó ilé ló ń bẹ̀bẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Ẹ̀rín yẹn ì bá ti kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, àdúgbò ti gbọ́. Àwọn kan gbé àga wá. Ọlọ́kadà tó ń bá ìyàwó mi kó obì jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀ bí ẹni wá wo bọ́ọ̀lù. Mo yọ àdá, mo bú igi náà. Mo pè é ní ọ̀lẹ, mo pè é ní àlejò tó dé láyé bàbá mi tí kò tíì fi nǹkan kan sínú abọ́ wa. Ewé kan kò mì.

“Bàbá,” ọlọ́kadà ní, “bóyá kò gbọ́ Yorùbá.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Bàbá mi mú ọ̀rọ̀ kan bọ̀ láti Pányà, èyí tí ọ̀gá oko máa ń jágbe rẹ̀ mọ́ wọn ní gbogbo àárọ̀: tarabáhà. Ó ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ ló ń wí bẹ́ẹ̀. Mo fi gbogbo ọ̀fun mi jágbe rẹ̀ mọ́ igi. Mo lè búra pé ó gbọ̀n. Ọlọ́kadà ní ewúrẹ́ ló fara họ ọ́.

Mo wá gbé àdá sókè, mo ń retí ẹ̀bẹ̀. Ìyàwó mi ká apá sáyà.

“Mo ní màá gé e o.”

“Mo gbọ́.”

“Màá gé e pátápátá.”

“Ẹ gé e níbẹ̀yẹn, lókè ìdí rẹ̀ díẹ̀. Agégi ní ibẹ̀ ló rọ̀.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí; àdá kì í ṣe abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ arúgbó. Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, mo ti ba àṣà jẹ́. Bí mo bá sọ ọ́ sí igi, mo ti gé ohun tí bàbá mi torí rẹ̀ yadi. Mo fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ara mi: “Bàbá, ẹ dákun, ẹ ṣojú àánú.” Ọlọ́kadà ní kò bófin mu, pé ẹnì kan kò lè ṣe ọlọ́pàá kí ó tún ṣe lọ́yà. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ obì.

Mo ní, “Ìyá wọn, abẹ́ igi yìí ni bàbá mi ti bẹ̀bẹ̀ fún ẹ.”

Ẹ̀rín rẹ̀ dá. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, ó pẹ́ kó tó lóyún. Ìyá mi di ẹrù rẹ̀, ó ní kí ó padà sílé bàbá rẹ̀. Bàbá mi pe ẹbí jọ sábẹ́ igi yìí, ó ní, “Igi mi kò so, n kò gé e. Ẹni tó bá fẹ́ lé ìyàwó yìí, kó kọ́kọ́ gé igi mi ná.” Ìyá mi tú ẹrù. Ìgbà tí ìyàwó mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí, ó bí, ó bí, títí èmi fúnra mi fi ń sá lọ sùn sóko.

Ẹ má rò pé ọgbọ́n àgbà ni mo fi sọ ọ́. Apá mi ló fẹ́ já.

Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. Igi náà ló kọ́kọ́ kọjú sí. Ó ní, “Má dójú tì mí o.” Ó wá di ọwọ́ mi mú. “Bàbá wọn, ẹ dákun, ẹ má gé e. Mo dúró fún un.” Bí àdá ṣe ń bọ̀ wálẹ̀ ló sọ sí mi létí: “Pálọ̀ yín ni obì mi ń wọ̀.”

Obì wọ pálọ̀. Ó wọ yàrá. Apẹ̀rẹ̀ wà lórígun ibùsùn mi, mo sì ti ń rùn bí gbànja débi pé mo ń bẹ̀rù kí àlejò tó bá jí kí mi má lọ pa mí sọ́nà méjì. Nígbà tí agégi dé lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó mi ló dá a padà.

Ẹ̀ẹ̀rùn yìí, igi náà yọ òdòdó kan lára ìdí rẹ̀, nísàlẹ̀ níbi tí ẹnu ewúrẹ́ tó. Ó ń rùn bí òbúkọ. Ọlọ́kadà ní èmi ni mo so ó mọ́ ọn. Ìyàwó mi gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ síbẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń bó obì báyìí, pẹ̀lú pàṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí ewúrẹ́.

Mo bi í bóyá kí n pe obìnrin yunifásítì yẹn.

“Ẹ jẹ́ kó so ná,” ó ní. “Ẹ ti parọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan.”