Ilé Tó Fẹ́ Bọ́ Sókun ní Tuktoyaktuk

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Cityscape, àdúgbò wa ní Calgary, tí mo ti wọ jákẹ́ẹ̀tì méjì léra wọn, nínú ooru oṣù kẹfà. Ọkọ mi ní ṣé mò ń lọ fẹ́ yìnyín ni. Mo rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Calgary ni mo ti ń fẹ́ fojú rí àríwá Kánádà pátápátá, iṣẹ́ ni yóò sì gbé mi débẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́!

Iṣẹ́ náà kì í ṣeré o. Ẹnjiníà tó ń yẹ ilẹ̀ wò ni mí. Ní Tuktoyaktuk, ìlú kékeré kan létí òkun àríwá, òkun ń jẹ ilẹ̀ bọ̀ nínú ìlú, wọ́n sì ń fọkọ̀ gbé ilé sẹ́yìn. Ti Màmá Rúùtù, ìyá àgbà kan níbẹ̀, ló kù létí omi. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Bí ìjì bá dé kí wọ́n tó gbà, ilé á di ti òkun. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Bàálù méjì ni mo wọ̀ dé Inuvik, ìlú tí ọ̀nà Tuktoyaktuk ti bẹ̀rẹ̀. Owó àpù mẹ́ta tí mo rà níbẹ̀ á ra odidi àpò kan lọ́jà Marlborough ní Calgary. Jọ́jì, ọmọ Tuktoyaktuk, ló wá fọkọ̀ gbé mi. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ọ̀nà náà, kò sí ọ̀dà, mo sì ń kọrin bí ọkọ̀ ṣe ń gbé wa sọ. Ó ní yìnyín tó ti dì mọ́ iyẹ̀pẹ̀ láti ayébáyé ló gbé ilé wọn ró, ó sì ti ń yọ́. Ti orí òkun náà ń yọ́, ọkọ̀ ojú omi ń rọ́nà gbà, ni àwọn orílẹ̀-èdè ńlá bá ń du ibẹ̀. Ìjọba ti ń sọ̀rọ̀ kíkó ológun wá àti kíkọ́ èbúté.

"Gbogbo ayé ló ń sáré bọ̀ níbí," ó ní, "àwa onílé la wá ń kẹ́rù."

Ó tún sọ fún mi pé ojú fèrèsé ilé wọn tó kọjú sí òkun ni Màmá ti máa ń wo ọkọ wọn bó bá ń tojú omi bọ̀, títí ọkọ náà fi kú.

Bí a ti wọ ilé náà tí mo rí irun Màmá tó funfun báláú, mo gbàgbé pé mi ò sí nílé, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Màmá rò pé òòyì ló kọ́ mi. Wọ́n kúnlẹ̀ tì mí láti gbé mi, ọwọ́ wọn sì kan pákó ilẹ̀. Pákó náà ti rọ̀, ó ti tẹ̀ síhà òkun, a sì ń gbọ́ omi lábẹ́ rẹ̀.

Mo ṣàlàyé pé bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn. Ni Màmá bá bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, a ò lè dìde mọ́. Wọ́n fún mi ní muktuk, ìyẹn awọ àbùùbùtán pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀. Mo bu ata gígún tí mo gbé dání sí i. Ojú Màmá pọ́n, wọ́n ní kí n tún bù sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fọwọ́ tẹ pákó ilẹ̀ náà wò.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti kúnlẹ̀ níbí kẹ́yìn, mi ò mọ̀ pé ó ti rọ̀ tó báyìí," wọ́n ní. "Ẹ máa gbé ilé náà. Àmọ́ kí fèrèsé mi kọjú sí òkun."

Mo padà délé pẹ̀lú òórùn ọ̀rá àbùùbùtán lára. Tẹ́lẹ̀, bí ìròyìn bá ní yìnyín ń yọ́, mo máa ń yí i kúrò ni. Mi ò lè yí i kúrò mọ́.

Nígbà tó yá, Jọ́jì fi fọ́tò ránṣẹ́: odidi ilé lórí ọkọ̀, Màmá níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, wọ́n ń juwọ́. Mo pariwo ní kíṣìnì. Ọmọbìnrin mi sáré wọlé.

"Mummy, what happened?"

"Màmá Rúùtù ti kó kúrò létí òkun," mo ní, "wọ́n sì gbé ilé wọn dání."