Má Tẹ Ebè Mi

Òtítọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ síhìn-ín. Àgbà olóko kan ní Lougba ni ó ń gba bàbá mi láyè láti dẹ ehoro nínú oko rẹ̀. Bàbá mi yóò dúró lẹ́nu ààlà, yóò kí i. Àgbà náà yóò kọ́kọ́ wúkọ́ lábẹ́ igi kajú, yóò sì ní: “Ọdẹ, wọlé! Má tẹ ebè mi o! Ehoro lè sá, iṣu mi kò lè sá!”

Nígbà tí ó kú, ọmọ rẹ̀ dé láti Savalou. “Ẹ má bínú, bàbá. Èmi kò fẹ́ ọdẹ lóko yìí mọ́.”

Síbẹ̀, bí bàbá mi bá ń kọjá, ó máa ń kí oko náà. Lánàá, ẹnìkan wúkọ́ lábẹ́ igi kajú. A kò rí ẹnikẹ́ni. Ajá wa sáré wọlé, ó yẹ ebè sílẹ̀, ó ń ju ìrù. Ta ni ó ń ju ìrù fún?