Èèyàn Mélòó Ni?

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Òmù-Àrán, láyé ìgbà tí owó epo mú kí gbogbo Èkó máa kọ́lé, àwọn bíríkìlà ìlú wa kì í gbélé. Bàbá mi wà lára wọn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì bá a lọ láti máa po sìmẹ́ǹtì fún un. Èmi àti ìyá mi la wà nílé, à ń bẹ iṣu èlùbọ́, à ń retí wọn.

Mo ń lọ sílé ìwé nígbà náà. Tíṣà kan láti Ìgbàjà ló ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. A sọ ọ́ ní Ta-ni-Hí, torí bí ẹnikẹ́ni bá ti kọ ọ́ pé télọ̀ sọ fún káfíńtà pé "he" ti ṣubú, á fi rúlà gbá tábìlì: "Ta ni 'he'? Télọ̀ ni àbí káfíńtà?" Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ òde òní; ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ọ́n kọ dòní. Ó ní Yorùbá wa náà ní tirẹ̀: bí a bá ní "wọ́n ń bọ̀," ó lè jẹ́ àgbà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ èrò rẹpẹtẹ. Òyìnbó ò mọ̀wọ̀ àgbà ní tirẹ̀. "He" ni ẹnì kan, "they" ni ọ̀pọ̀. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi délé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, awakọ̀ ará ìlú wa kan tó ń ná ọ̀nà Èkó wọlé wá. Kò jókòó. Ó ṣí fìlà, ó lóṣòó níwájú ìyá mi.

"Ìyá, ẹ mọ́kàn le. Bàbá àti ọmọ yín jọ wà nínú mọ́tò tó dojú dé lọ́nà Ìbàdàn. Wọ́n ti fi wá sílẹ̀."

Ìyá mi ju ọ̀bẹ nù, ó káwọ́ lérí, ó ń sunkún, ó ń ki ọkọ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, lọ́dọ̀ wa, ta ló máa sọ "ó" fún baálé ilé? "Wọ́n" tó gbọ́ yẹn, bàbá mi nìkan ló kà á sí. Nígbà tó yá, ó nujú, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun tó ṣẹ́ ọmọ mi kù. Ẹ bá mi sọ fún un kó tètè máa bọ̀, òun ló máa sin bàbá rẹ̀."

Awakọ̀ náà ń wolẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ tì í, mo rọra bi í lédè tí ìyá mi ò gbọ́: "He, àbí they?"

Ó fi fìlà bojú. "They," ló wí.

"Kí ló sọ fún ọ?" ni ìyá mi béèrè.

Ọ̀rọ̀ kankan ò wúwo tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi rí. Mo ní, "Màámi, àwọn méjèèjì ni."

Kò sunkún mọ́. Ó kàn mú ọ̀bẹ nílẹ̀, ó tún ń bẹ iṣu lọ. Ìyẹn bà mí lọ́kàn jẹ́ ju ẹkún rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé "wọ́n ń bọ̀" tàbí "wọ́n ti lọ," á ní, "Èèyàn mélòó ni?" Àwọn ìyàwó ilé rò pé ìwọ̀n oúnjẹ ló fẹ́ mọ̀.

Ayé ti yí padà. Owó epo ti fò lọ, fóònù ló ń gbé ìròyìn báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi sì ń pe èmi gan-an ní "she" lójú mi kòrókòró. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè mí pé wọ́n ti gbéra l'Ékòó, tí wọ́n ń bọ̀ wálé wá ṣọdún, mo ṣì máa ń béèrè pé èèyàn mélòó ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín pé Màmá fẹ́ gúnyán. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.