Pọ́ǹpù Tòkunbọ̀

Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ilé wa kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré. Òun ló ń gbé iná fún fíríṣà ìyá mi, fíríṣà náà ló ń bá wa sọ omi di yìnyín, yìnyín yẹn ni àwọn apẹja ń rà lọ sójú òkun kí ẹja wọn má baà bàjẹ́. Òun la fi ń jẹun. Nítorí náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí arúgbó láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ṣiṣẹ́ díẹ̀, tó mí kanlẹ̀, tó sì kú, ìyá mi yọrí láti ilé ìdáná, ó ní, "Kí lo tún fi ṣe é?" Bí ẹni pé èmi ni mo bí ẹ́ńjìnnì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí ná. Ẹ́ńjìnnì méjì tó jọra bí ìbejì ni bàbá mi rà nígbà ayé rẹ̀. Ó fi ọ̀kan sínú ọkọ̀ tó fi ń pẹja, ó gbé ìkejì ka orí pákó tí a tẹ́ sójú omi lẹ́yìn ilé. Ó kọ́ èmi àti àbúrò mi ọkùnrin bí wọ́n ṣe ń tú u àti bí wọ́n ṣe ń tò ó padà. Nígbà tí bàbá kú, tí a sin ín tán, ọkọ̀ di ti àbúrò mi. Kò pẹ́ sígbà náà tó gbé ọkọ̀ jáde ní ìdájí, òun nìkan, tí kò sì padà wálé mọ́. Àwọn ọkọ̀ wá a títí dé ọ̀nà Ugbónlà. Kò sí pákó, kò sí àwọ̀n, kò sí òkú. Gbogbo ìlú ní òkun ti gbé e. A wọ dúdú. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà sunkún títí ohùn mi fi há, láti ìgbà náà ni mi ò sì ti lè jókòó kọjú sí òkun. Tí mo bá wò ó, inú á kàn máa bí mi ni.

Mo bẹ́ lu ẹ́ńjìnnì. Mo wo táǹkì, dísẹ́ẹ̀lì kún inú rẹ̀. Mo ní bóyá omi ló dà pọ̀ mọ́ epo, torí lọ́dọ̀ wa kò sí ohun tí omi kì í wọ̀. Mo bu díẹ̀ sínú ìgò, mo gbé e sójú oòrùn, ó mọ́ gaara. Mo pààrọ̀ fítà. Mo tọ́ họ́ọ̀sì wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò la níbì kankan. Ó wá ku pọ́ǹpù, èyí tó ń fa epo láti inú táǹkì wá fún ẹ́ńjìnnì. Mo tú páìpù tó jáde lára rẹ̀, mo wá ń fi ọwọ́ tẹ irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí epo tú jáde ṣùrù. Ó kàn tutọ́ sí mi lọ́wọ́ lásán.

Mo wá fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ẹ̀rù sì bà mí. Ọ́ìlì ti kún kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bu ọ́ìlì sí i. Mo gbóòórùn rẹ̀, ó ń run dísẹ́ẹ̀lì. Mo figbe ta. Rọ́bà inú pọ́ǹpù ti ya, epo tó yẹ kó máa gbé sókè ló ń dà sínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Ká ní a tún fi ipá tan án lẹ́ẹ̀kan sí i ni, irin ì bá máa jẹ irin títí gbogbo rẹ̀ á fi bàjẹ́. Ìyá mi ní kí n yé pariwo, kí àwọn ará ilé kejì má baà rò pé ẹnìkan já sómi.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Igbókòdá. Wọn kì í ṣe irú pọ́ǹpù yẹn ní tuntun mọ́. Ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù irin ẹ́ńjìnnì tọwọ́ bọ inú abọ́ ńlá, ó wá a títí, ó sì fa ọ̀kan yọ. "Ojúlówó tòkunbọ̀ rèé," ó ní. Mo sọ fún un pé létí omi tiwa, irin nìkan ló máa ń ti òkun bọ̀, pé èèyàn kì í bọ̀. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Mo fi ìka dí ẹnu pọ́ǹpù náà, mo tẹ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fa ìka mi mọ́ra. Ó dára. Mo rà á.

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, ìyá mi ti lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo da ọ́ìlì tó ti bàjẹ́ nù, mo bu tuntun sí i, mo tú pọ́ǹpù wa sílẹ̀. Ó ku kí n fọ èyí tí mo rà. Ní ojú ibi tí pọ́ǹpù ti ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, pépà kan máa ń wà láàárín wọn tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, gásíkẹ́ẹ̀tì là ń pè é. Èyí tí wọ́n ń tà kì í sábà sí, nítorí náà, pépà líle tí kálukú bá rí ló ń gé. Ti ẹni tó ti lo pọ́ǹpù náà rí ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ìdọ̀tí ti mú kó dúdú bí ọ̀dà. Mo fi bẹntiróòlù rẹ ẹ́, mo mú abẹ, mo ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ha á. Àwọ̀ pupa kan kọ́kọ́ yọ. Fìlà ni. Mo nù ún sí i. Ojú kan sì là, ó ń wò mí.

Ojú bàbá mi ni.

Abẹ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó gba àárín pákó já sínú omi. Háà! Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, orí mi ṣì ń wú. Kàlẹ́ńdà ìsìnkú bàbá mi ni. A tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tó nípọn, bàbá dé fìlà pupa, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu. A pín in fún àwọn ẹbí, àbúrò mi sì gbé ọ̀kan kọ́ sínú ọkọ̀. Ìdajì fìlà náà rèé lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo, ihò bóòtù sì gba iwájú orí rẹ̀ kọjá.

Mo jókòó. Mo kọ́kọ́ rò pé òkú ló wá bá mi sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí ọpọlọ mi padà sípò, èyí tó wá sí i tún burú ju ti òkú lọ. Pọ́ǹpù ọkọ̀ àbúrò mi ni, pọ́ǹpù tó wà nísàlẹ̀ òkun kò sì lè dìde rìn lọ sí Igbókòdá. Ẹnìkan ló fi sípánà tú u. Bí ọkọ̀ kò bá rì, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé àwọn olè ojú omi ni wọ́n pa á, tí wọ́n ta ẹrù rẹ̀? Àbí ó wà níbì kan? Mo di pépà náà sínú ọ̀rá, mi ò sì sọ fún ìyá mi. Mo ní ìròyìn yìí lè pa á.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti dé iwájú ọkùnrin onírin yẹn. Ó ní bí mo bá wá dá ọjà padà, òun kì í gbà á. Mo ní mo fẹ́ mọ ẹni tó tà á fún un ni. Ó ní kò kàn mí. Mo bá jókòó sórí tábìlì ọjà rẹ̀, láàárín àwọn irin rẹ̀, mo ní tí kò bá sọ, ibẹ̀ ni ilẹ̀ máa ṣú bá àwa méjèèjì. Ó mí kanlẹ̀.

"Ọ̀dọ́kùnrin kan ni," ó ní. "Ó ta ọkọ̀ fún ẹlòmíràn, ó ta ẹ́ńjìnnì fún mi. Òun fúnra rẹ̀ ló tú u létí omi."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó ga. Àpá ìwọ̀ ẹja wà lókè ojú rẹ̀ òsì. Ó ń súfèé bó ṣe ń tú bóòtù."

Àbúrò mi ni. Mo di tábìlì mú. Mo bi í bóyá àwọn kan dúró tì í, tí wọ́n ń fi ipá mú un.

"Ipá wo? Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín! Mo bi í pé kí ló dé tó ń ta ẹ́ńjìnnì tó dára tó báyìí. Ó ní òkè lòun ń lọ, níbi tí òun ò ti ní gbúròó omi mọ́."

Mi ò mọ bí mo ṣe wọ ọkọ̀ padà. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jó, inú sì ń bí mi débi pé ká ní mo rí i nítòsí ni, ǹ bá lù ú bí ẹni lu aṣọ òfì.

Ìyá mi wà lẹ́yìn ilé, ó ń họ ìpẹ́ ẹja. Mo kọ́kọ́ bu omi tútù kalẹ̀, nítorí bó bá dákú. Mo wá jókòó tì í.

"Ìyé, ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀ ná."

"Sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́."

"Ọmọ yín kò kú. Ó wà láàyè."

Ọ̀bẹ kò dúró. Ìpẹ́ ẹja ń fò. Ìyá mi kò gbójú sókè.

"Ta ló sọ fún ọ?"

Mo ti múra sílẹ̀ de igbe, mo ti múra sílẹ̀ de ijó. Mi ò múra sílẹ̀ de ìbéèrè yẹn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní irọ́ ni, tàbí kó ní níbo ló wà. Ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń béèrè ẹni tó sọ. Mo tú ọ̀rá, mo gbé pépà náà lé e lórí ẹsẹ̀. Ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú, ìgbà yẹn ló tó figbe ta.

"Yéè! Ojú bàbá rẹ̀ ló gé! Pẹ̀lú gbogbo ibi tí ghán kọ oṣù sí, kò rí ibòmíràn gé!" Létí omi tiwa, "wọ́n" ni "ghán".

Ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí. Mo ní kí ni mo ṣe fún òun àti àbúrò mi, ilé wo ni mo wà láti ọjọ́ yìí.

Ìyá mi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ wàyí. Ó ní ẹ̀rù òkun ń ba àbúrò mi. Ó ní láti kékeré ni, pé ìdájí kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ gbọ́kọ̀, á kọ́kọ́ lọ bì lẹ́yìn ilé ìdáná, á sì nu ẹnu kó tó jáde sí àwọn èèyàn. Nígbà tí bàbá wà láyé, wọ́n jọ ń lọ ni. Nígbà tó di òun nìkan, ó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ lójú òun. "Èmi ni mo ní kó máa lọ," ó ní.

"Ẹ wá jẹ́ kí gbogbo ìlú ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?"

"Ọmọ bàbá rẹ, nílùú yìí, kí ghán ní ó sá fún òkun? Ó sàn kí ghán ní òkun gbé e."

"Èmi ńkọ́, Ìyé? Èmi tí mo sunkún títí ohùn mi fi há?"

Ó wò mí. Ìfẹ́ wà lójú rẹ̀, èyí ló tún dùn mí jù.

"Ẹkún rẹ ló jẹ́ kí ghán gbà á gbọ́," ó ní. Ó ní kí n lọ ṣe ẹ́ńjìnnì, yìnyín ti ń yọ́.

Mo lọ. Kí ni ǹ bá tún ṣe? Mo gé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lára páálí bísíkíìtì, mo de pọ́ǹpù àbúrò mi mọ́ ara ẹ́ńjìnnì wa, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán nínú páìpù, tí epo sì ń ṣàn geere. Mo yí i. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bú jáde.

Ìyá aládùúgbò kan tó ń wa ọkọ̀ bọ̀ wá ra yìnyín dá àjẹ̀ dúró sórí omi, ó ń tẹ́tí. "Ẹ́ńjìnnì yín ti jí!" ó ní. "Ó dún bí ọkọ̀ àbúrò rẹ gẹ́lẹ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

Ó dúró, ó ń retí mi. Mo wẹ̀yìn, ìyá mi ti dìde, ó ń wò mí.

"Àmín," mo ní.

Omi sì bọ́ lójú mi, ojúlówó omijé, mi ò lè dá a dúró. Ìyá aládùúgbò gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó sì bá mi sunkún.