Àwo Aláró Abena

Ràfíátù amọ̀kòkò kì í ṣe aláriwo, ṣùgbọ́n nígbà tí Abena ní kó bá òun ṣe àwo aláró, gbogbo àdúgbò ní Kokomlemle ló gbọ́ ohùn rẹ̀.

Accra níbẹ̀ ni wọ́n bí Ràfíátù sí. Ìyá rẹ̀ fi ọṣẹ títà tọ́ ọ dàgbà, ó sì rò pé ọmọ òun ni yóò jókòó ti igbá ọṣẹ náà, àfi bí amọ̀ ṣe wu Ràfíátù. Ẹ̀yìn ilé ló mọ ìléru sí, ibẹ̀ ló ti ń sun ife àti àwo fún àwọn olóúnjẹ.

Abena, tó ń ta oúnjẹ ní Adabraka, fẹ́ àwo tó rí bí aró tuntun. Ohun tó ń fún àwo ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú kan tí wọ́n ń pè ní kóbáàtì. Wọ́n á pò ó mọ́ omi dídán tí wọ́n ń ri àwo bọ̀ kó tó wọ iná. Kó tó rí iná, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí èèpo àlùbọ́sà. Iná ló ń sọ ọ́ di aró. Kóbáàtì ti tán nílé, orúnkún sì ń dun Ràfíátù lọ́jọ́ náà, ló bá rán Láwàlì ọkọ rẹ̀ sí Sàká tó ń tà á ní Tema.

Nígbà tó jí lójú oorun ọ̀sán, ó bá Láwàlì nídìí garawa omi dídán, ó ń fi igi rò ó bí ẹni ń po ẹ̀kọ.

"Ìyá Rasheedah, wá wò ó! Mo ti bá ọ pò ó. Sàká yẹn fẹ́ rẹ́ wa jẹ ni. Àtíkè pupa kan ló gbé fún mi. Mo ní rárá o, búlúù ni ìyàwó mi fẹ́. Nígbà tó ń ṣe agídí, mo fi í sílẹ̀, mo yà sọ́jà, mo ra búlúù gidi."

Ràfíátù wo inú garawa. Búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun ni.

"Bàbá Rasheedah, ẹ pa mí o! Iná máa jó èyí dànù ni."

"Búlúù ò ní dúró, pupa ló máa di búlúù? Ṣé ojú mi fọ́ ni?"

Ó ṣàlàyé títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o. Ìbínú ló fi ri ife kan bọ garawa náà, ó tì í sínú ìléru mọ́ àwọn ẹrù mìíràn. Nígbà tí ìléru tutù, ó yọ ọ́ níṣojú ọkọ rẹ̀. Ife náà ti ṣì bí eérú, kò sí búlúù kankan lára rẹ̀.

Láwàlì yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Iná tìrẹ ló pọ̀ jù," ó ní.

Ràfíátù da garawa nù, ó wọ ọkọ̀ tròtrò lọ sí Tema fúnra rẹ̀. Sàká kò fẹ́ dá a lóhùn.

"Ọkọ yín pè mí ní gbájúẹ̀ lójú àwọn oníbàárà mi," ó ní.

Ó di dandan kí Ràfíátù bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀, kó tó rí kóbáàtì gbà. Ìyẹn dùn ún ju oòrùn ọ̀nà Tema lọ.

Ó po omi dídán mìíràn, ó ri àwọn àwo bọ̀ ọ́, ó tò wọ́n kí wọ́n gbẹ. Àsìkò yẹn gan-an ni Abena yọjú.

"Ei! Maame Rasheedah! Mo ní aró, ẹ ṣe pupa! Ta ló máa jẹun nínú èyí?"

Ràfíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ la ẹnu ni Láwàlì wúkọ́, ó sì dìde.

"Màdáámù, ẹ fara balẹ̀. Bí kóbáàtì ṣe máa ń rí nìyẹn. Iná ló ń sọ ọ́ di aró. Ẹni tí kò mọṣẹ́ ló máa ń rò pé pupa ni."

Díẹ̀ ló kù kí Ràfíátù fọ́ àwo mọ́ ọn lórí. Èyí tó wá bí i nínú jù ni pé Abena mi orí, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni òun ti bá a sọ lọ́jọ́ tó gbé iṣẹ́ wá, kò gbọ́!

Àwọn àwo náà jáde nínú iná, wọ́n dúdú mininjọ bí aró. Abena pàtẹ́wọ́, ó yíjú sí Láwàlì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láwàlì ní kò tó ọpẹ́.

Ràfíátù di àwo tó kẹ́yìn, ó gbé e lé oníbàárà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ó dáa, ọ̀gá amọ̀kòkò," ó sọ fún ọkọ rẹ̀, "amọ̀ tuntun wà lẹ́yìn ilé, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ bọ́ bàtà."

Láwàlì wo bàtà funfun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo Abena tí kò tíì lọ, ó sì bọ́ ọ.