Ọjọ́ Tí Màmá Ọ̀fà Wọ Ọkọ̀ Eléèéfín

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Torino, ní ilẹ̀ Ítálì, tí eyín iwájú mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ́jọ́ Ìsinmi kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í ṣe ìrẹsì tí a ń jẹ bí a bá ti ibẹ̀ dé. Ọkọ̀ ojú irin eléèéfín ni. Ilé wa kò jìnnà sí ojú irin. Ní ìgbà tí ewé ń rẹ̀, àwọn àgbààgbà kan tí wọ́n fẹ́ràn rélùwéè àtijọ́ máa ń gbé ọkọ̀ dúdú kan jáde. Wọ́n á wọ aṣọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ayé ìgbà kan, wọ́n á koná èédú sí i, wọ́n á sì fi gbé èrò lọ sí àwọn ìlú kéékèèké orí òkè tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì. Ẹnikẹ́ni kò sanwó iṣẹ́ fún wọn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Èmi àti Táyọ̀ àbúrò mi a sáré lọ sórí afárá kí ọkọ̀ náà tó kọjá lábẹ́ wa. A ó dúró sínú èéfín gbọnin, ẹni tó bá kọ́kọ́ húkọ́ ló máa fọ abọ́ alẹ́. Táyọ̀ ló sábà máa ń húkọ́, nítorí mo máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà. Bí a bá délé, Màmá kò ní béèrè ibi tí a lọ. Wọ́n á wo ìbọ̀sẹ̀ funfun wa, wọ́n á rí èédú lára rẹ̀, wọ́n á sì nàka sí iwájú fíríìjì. A ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, a ó nawọ́ sókè, fíríìjì á sì máa kùn lójú wa bí ẹni pé òun náà ń bá wa wí.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Torino, ní Padova, ní Bologna, ẹ mọ irú ilé tí mò ń wí. Màmá á sọ Yorùbá, a ó fi èdè Ítálì dá wọn lóhùn. Bí ọbẹ̀ bá ń hó, gbogbo fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, ìbáà ṣe pé yìnyín ń bọ́. Kóòtù tí Màmá ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ wà nínú ọ̀rá, kí òórùn ata má baà bá wọn dé ọ́fíìsì. Oníṣirò owó ni wọ́n ní ọ́fíìsì ńlá kan láàárín ìlú, àwọn nìkan sì ni aláwọ̀ dúdú tó ń wọ ibẹ̀ tí kò wá gbálẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ débẹ̀, kí wọ́n tó lanu kí ẹnikẹ́ni, ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ti júwe yàrá tí ìgbálẹ̀ wà fún wọn. Wọ́n sọ èyí fún wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn ò sì tún un sọ mọ́.

Ọdún tí mò ń wí yìí ni Màmá Ọ̀fà, ìyá tó bí màmá mi, wá kí wa láti ilé. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí wọ́n lò lọ́dọ̀ wa, wọ́n wà ní kíṣíìnì níbi tí wọ́n ti ń bó èèpo ẹ̀wà, ni ọkọ̀ náà fọn fèrè. Wọ́n fi ẹ̀wà sílẹ̀. Wọ́n jáde sí balikóní pẹ̀lú omi lọ́wọ́, wọ́n dúró títí èéfín fi kọjá lórí àwọn òrùlé. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Ọkọ̀ yìí ò tíì kú?”

Láti ọjọ́ náà ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Èmi àti Táyọ̀ á jókòó bá wọn bó ẹ̀wà olójú dúdú tí wọ́n ń tà ní ọjà tó wà nítòsí ilé wa, wọ́n á sì máa sọ bí wọ́n ṣe ń kiri àkàrà ní téṣàn Ọ̀fà láti ìgbà ọmọge, nígbà tí irú ọkọ̀ eléèédú yìí ṣì ń ti Èkó lọ sí òkè Ọya. Wọ́n kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń mọ èrò tí ebi ń pa láti ojú fèrèsé, àti bí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ kan ṣe máa ń gba àkàrà tán kí wọ́n tó máa wá owó nínú àpò, títí ọkọ̀ á fi ṣí. Wọ́n ní àwọn lè sáré bá ọkọ̀ kí àwọn sì gba owó àwọn, kí àkàrà kan má sì bọ́ lórí. Bí Màmá bá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, wọ́n á ní, “Mama, ẹ̀yin náà, ẹ sọ nǹkan mìíràn fún àwọn ọmọ yìí.”

Mo mọ ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mo jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀ nígbà tí Màmá ń bá ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, Signora Carla, sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọ̀gá náà béèrè ohun tí ìyá wọn ń ṣe nílé. Màmá ní ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Mo gbójú sókè wò wọ́n. Wọ́n yíjú sí ògiri, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì wọn ṣètò ìgbafẹ́ fún òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn, inú ọkọ̀ eléèéfín náà gan-an sì ni. Signora Carla sọ pé òun fẹ́ rí ọ̀gá iléèwé náà sójú. Màmá ra kóòtù aláwọ̀ aró fún Màmá Ọ̀fà àti bàtà onígìgísẹ̀ díẹ̀. Màmá Ọ̀fà ní tiwọn jí ní kùtùkùtù, wọ́n lọ ẹ̀wà, wọ́n gé àlùbọ́sà, wọ́n sì dín àkàrà kún kúlà kan. Màmá ní ta ló máa jẹ gbogbo èyí. Màmá Ọ̀fà ní ta ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin láìmú nǹkan ẹnu dání.

Iṣẹ́ ìròyìn tí mo ti ń ṣe látìgbà tí mo ti dàgbà kọ́ mi pé kí n má gba ìrántí ara mi gbọ́ tán. Nítorí náà, kí n tó kọ ohun tó kù yìí, mo lọ bi àwọn tó ṣojú wọn. Ọ̀rọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí tèmi.

Ìjókòó onígi ni ti ọkọ̀ náà, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Signora Carla jókòó kọjú sí Màmá Ọ̀fà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ohun tí wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Màmá Ọ̀fà kò gbọ́ èdè Ítálì, Màmá ló ń ṣe ògbufọ̀. Màmá yíjú sí ìyá wọn, wọ́n ní, “Ó ní ṣé ara yín le?” Màmá Ọ̀fà ní a dúpẹ́, orúnkún nìkan ló ń ro àwọn díẹ̀. Màmá yíjú padà, wọ́n sọ fún ọ̀gá wọn pé ìṣirò ni. Signora Carla tún béèrè bóyá àwọn ọmọ pọ̀ ní kíláàsì. Màmá ní, “Ó ní ṣé òtútù ò mú yín?” Màmá Ọ̀fà ní òtútù ibo, nígbà tí wọ́n ti wé àwọn bí ẹ̀kọ. Màmá ní àwọn ọmọ náà pọ̀ gan-an.

“Obìnrin yìí mọ èèyàn kí o,” ni Màmá Ọ̀fà wí. “Àlàáfíà ara mi ló ń béèrè ṣáá.”

Èmi àti Táyọ̀ gbọ́ èdè méjèèjì. Táyọ̀ la ẹnu. Màmá wò ó. Ẹ mọ irú wíwò yẹn, ó ju ẹgba lọ. Ó pa ẹnu dé.

Nígbà tí a dé téṣàn kékeré kan láàárín oko àjàrà, ọkọ̀ dúró láti gba omi. Àwọn panápaná ìlú náà ló fa páìpù wá, wọ́n ń rọ omi sínú ẹ̀rọ. Gbogbo èrò sọ fèrèsé kalẹ̀, wọ́n yọrí síta láti wò ó, orí tò lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ dé ìparí rẹ̀. Màmá Ọ̀fà náà yọrí. Wọ́n wo apá ọ̀tún, wọ́n wo apá òsì. Wọ́n bọ́ bàtà onígìgísẹ̀ náà, wọ́n ká ìborùn wọn ní òṣùká, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kúlà lórí.

“Àkàrà gbígbóná rèé o,” ni a gbọ́ láti ìsàlẹ̀. Ohùn náà kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀ wọ́n mọ́. Ohùn ọmọge ni.

Àwọn èrò rò pé ó wà lára eré tí àwọn àgbààgbà náà ṣètò. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò. Bàbá kan tó dé fìlà rà á, Màmá Ọ̀fà sì fi ọ̀kan ṣe èènì fún un. Bàbá náà rò pé wọ́n ṣì í kà ni, ó ń dá a padà, Màmá Ọ̀fà sì ń tì í sí i lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ń bára wọn jà ní èdè méjì. Signora Carla náà na ọwọ́ jáde ra ọ̀kan. Ó bù ú jẹ, ó ní ó dùn, ó wá béèrè lọ́wọ́ Màmá pé báwo ni ọ̀gá iléèwé ṣe mọ irú iṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀. Màmá fi ẹsẹ̀ ti bàtà onígìgísẹ̀ náà sábẹ́ ìjókòó. Ojú ń tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi yọ́ sísàlẹ̀ lórí ìjókòó títí àgbọ̀n mi fi kan orúnkún.

Nígbà náà ni ọ̀gá ọkọ̀ súfèé. Wọ́n ń pa ilẹ̀kùn dé. Màmá Ọ̀fà ti dé ìparí ọkọ̀. Wọ́n gbọ́ súfèé náà, wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń tajà ní téṣàn. Ẹni tó ń kiri kì í wọ ọkọ̀. Wọ́n sún sẹ́yìn kúrò lẹ́bàá ojú irin, wọ́n sọ kúlà, wọ́n nu ọrùn, wọ́n sì kọjú sí ibi tí ọkọ̀ mìíràn yóò ti yọ.

Ọkọ̀ wa fà díẹ̀. Signora Carla ní, “Wọn ò ní wọlé ni?”

Màmá dúró lójú fèrèsé. Mo rí ẹ̀yìn wọn nìkan. Táyọ̀, tó ti di onímọ̀ ẹ̀rọ ní Modena báyìí, sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé, “Mo rò pé Màmá máa jẹ́ kí ọkọ̀ lọ.” Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ pe “Signora”, ìyẹn “Madam” ní èdè Ítálì, bí ẹni ń pe ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Màmá Ọ̀fà kò wẹ̀yìn. Wọ́n pe “Mama”. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tó wà ní téṣàn yẹn ló ń pe mamma tirẹ̀. Ọkọ̀ tún fà. Màmá wá yọ ìdajì ara síta, wọ́n sì fi gbogbo ohùn wọn pe orúkọ tí gbogbo Ọ̀fà ń pe ìyá wọn, orúkọ tí àwọn ọmọ kíláàsì Màmá fi ń bú wọn nígbà èwe.

“Ìyá Alákàrà!”

Màmá Ọ̀fà yíjú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tí mo bi wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní oníbàárà ni àwọn rò pé ó ń pe àwọn.

“Ẹ wọlé,” ni Màmá pariwo. “Èrò ọkọ̀ ni ẹ̀yin náà.”

Ọkùnrin kan ju àsíá pupa, ọkọ̀ já gìrì, ó dúró. Màmá Ọ̀fà gbé kúlà lé orí, wọ́n sì sáré bọ̀ láìwọ bàtà, àkàrà kan kò bọ́.

Nígbà tí wọ́n jókòó tán, Signora Carla béèrè kí ni orúkọ yẹn. Màmá rọra sọ ọ́ fún un ní èdè rẹ̀ pé àkàrà ni ìyá àwọn tà títí àwọn fi jáde iléèwé gíga, wọn ò ṣe olùkọ́ rí. Ìtìjú mú kí ojú ọ̀gá náà pupa. Ó ń wo ìdajì àkàrà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí ó jẹ ẹ́ tàbí kí ó má jẹ ẹ́.

Màmá Ọ̀fà ní kí lẹ ń sọ tí gbogbo yín fi dákẹ́. Ìgbà yẹn ni Màmá túmọ̀ òótọ́ fún wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ohun tí wọ́n ti sọ níbi iṣẹ́ àti ìdáhùn orí ìjókòó wọ̀nyẹn, gbogbo rẹ̀. Màmá Ọ̀fà gbọ́ ọ títí. Wọn ò bínú. Wọ́n ń wọ bàtà wọn padà.

“Bísí,” ni wọ́n fi orúkọ pe Màmá, “mi ò mọ obìnrin olùkọ́ yẹn rí. Ṣé òun ló rán ọ níléèwé?”

A dé ìlú tí à ń lọ, a rìn káàkiri, a jẹun lórí koríko. Màmá kò lè jẹ nínú àkàrà náà. Nígbà tí mo bi wọ́n nítorí ìtàn yìí, wọ́n ní kì í ṣe iwájú Carla ni ojú ti tì wọ́n jù. Wọ́n ní, “Ìgbà tí mo pe ìyá tó bí mi ní Signora ni.”

Ayé ti yí padà. Lónìí, àwọn ọmọ Táyọ̀ ń gbé àkàrà lọ sí àsè iléèwé ní Modena, olùkọ́ ń béèrè bí wọ́n ṣe ń dín in, àwọn ọmọ náà sì ń fi fọ́tò ìyá àgbà wọn hàn lórí fóònù bí ẹni ń fi ife ẹ̀yẹ hàn. Wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ kóòtù inú ọ̀rá. Mo ń jowú wọn. Màmá náà kò ṣí fèrèsé mọ́ bí ọbẹ̀ bá ń hó. Kódà, wọ́n ti ki àṣejù bọ̀ ọ́. Wọ́n ń sọ fún dókítà eyín, wọ́n ń sọ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tí kò bi wọ́n, pé ọmọ alákàrà téṣàn Ọ̀fà ni àwọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a pe Màmá Ọ̀fà lórí fóònù. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún wọn pé àwọn tún ti sọ ìtàn wọn fún aládùúgbò tuntun kan. Màmá Ọ̀fà jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

“Bísí,” ni wọ́n wí, “o fi mí pamọ́ títí. Ní báyìí, o ń kiri mi. Gbé mi sọ̀ kalẹ̀.”

Màmá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú tún tì wọ́n.